Èsì Hallbera sí Ìgbìmọ̀ Ìlú

Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ ní kí n yan ẹyọ kan,
ẹyọ kan ṣoṣo, kí n kọ iye owó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.
Mo ti ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta.
Yìnyín ń lu fèrèsé bí ẹni ń da èkùrọ́ sórí páànù.
Ketill gbé kọfí wá, kò sọ̀rọ̀.

Àpótí mọ́kànlélógójì ló wà nísàlẹ̀ ilé yìí,
ohùn àwọn apẹja wa ló wà nínú wọn,
bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn lórí rédíò láti ojú òkun
lọ́dún tí mo ṣì ń wọ bàtà ẹ̀gbọ́n mi.
Ọ̀pọ̀ wọn ń bú ojú ọjọ́. Ẹnìkan ń ka iye ẹja.
Ẹnìkan ń bi ìyàwó rẹ̀ bóyá àgùntàn ti bí.

Ẹ ní díìsì líle: kò tóbi, ó sì ń gba ẹrù.
Òótọ́ ni. Mo ní mẹ́rin nínú àpótí tábìlì mi.
Ọ̀kan ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí àlejò tí a ò ṣílẹ̀kùn fún,
ọ̀kan ò tilẹ̀ dún mọ́.
Ẹ ní fláàṣì, èyí tí kò ju èékánná lọ:
ẹ fi í sílẹ̀ láìjẹ iná fún ọdún mélòó kan,
yóò gbàgbé díẹ̀díẹ̀,
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó bá eré pàdé lọ́nà.

Àwọn kan nínú yín ní àwo dídán, tó ń tàn bí ìpẹ́ ẹja.
Mo gbé ọ̀kan sókè síná kí Ketill rí i:
ihò wínníwínní, ìmọ́lẹ̀ ń yọjú níbẹ̀,
fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ń bó bí ara ẹni tí oòrùn pa.
Ìgbéyàwó Ásdís ló wà lórí rẹ̀.

Téèpù ńkọ́? Mo fẹ́ràn téèpù, n kò ní purọ́.
Nínú òtútù gbígbẹ, ó lè lo ọgbọ̀n ọdún, kò béèrè oúnjẹ.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kà á ni ọ̀rọ̀ wà:
ẹ̀rọ tuntun kì í mọ bàbá bàbá téèpù,
a ó wá ní àgádágodo, a ò ní ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí n kò sọ nípàdé.
Nínú àpótí kẹtàdínlógún, bàbá mi ń sọ̀rọ̀.
Ó ní omi ń dì mọ́ ara ọkọ̀,
ó ní àáké làwọn fi ń gé e kúrò,
ó ní, «Ẹ sọ fún Hallbera pé—»
Ibẹ̀ ni èéfun wọ téèpù.
Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá, ariwo bí ẹni ń gbálẹ̀,
lẹ́yìn náà ọkùnrin mìíràn ń ka iye ẹja.

Ẹni tó ṣáájú mi níbí kì í ṣe ọ̀lẹ.
Ó ra ẹyọ kan. Èyí tó dára jù lọ́dún náà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Nítorí náà, ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí:
téèpù méjì, kí ọ̀kan sọdá òkè lọ sí Akureyri;
díìsì kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e;
bébà tó nípọn, tí a fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ohùn sí,
kí ẹni tó bá jogún òkùnkùn lè mọ ohun tí òun ń wá.
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí:
ní gbogbo oṣù kìn-ín-ní, kí Ketill ṣí wọn, kó gbọ́ wọn,
kó dà wọ́n sínú tuntun kí ògbó tó dé bá wọn.

Mo mọ̀ pé owó oṣù rẹ̀ ló wọ́n jù nínú ìwé yìí.
Ẹ gé owó kọfí.
Ẹ gé owó àga tuntun tí mo béèrè.

Yìnyín ti dá. Ó gbé gbohùngbohùn sétí,
ètè rẹ̀ ń mì:
ó ń bá ọkùnrin yẹn ka ẹja.